Ọjà Ẹ̀bùn Ọlọ́jọ́ Méjì ní Àjàṣẹ́: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń parí lọ, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ẹnì kan fẹ́ gba tábìlì, ẹnì kan fẹ́ dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, ẹlòmíràn ń béèrè bóyá dandan ni kí òun lọ sí mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ ń ṣètò ọjà yìí nínú àgbàlá ilé Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Ó ti dára fún wa rí, ó sì ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí n má baà máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí ohùn mi á fi há.

Kí ni ẹ ń pè ní ọjà ẹ̀bùn ọlọ́jọ́ méjì?

Ọjà tí kò ní ìsọ̀ tó dúró ni. A ó pàtẹ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, a ó kó o nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ á sì mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ti Kútọnu dé máa ń pè é ní ohun tuntun, wọ́n ní òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Ẹ lọ sí ọjà Àjàrá, ìlú tó wà nítòsí wa, ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n ná an, ta lẹ ó bá níbẹ̀? Àwọn ìyá wa ti ń pàtẹ, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó kọ́kọ́ fi Faransé sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tó ń rà ló yàtọ̀. Ẹni tó lọ ra ìkòkò ní Àjàrá mọ ìkòkò tó fẹ́, ilé ara rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ. Ẹni tó wá sí ọjà ẹ̀bùn ń ra nǹkan fún ẹlòmíràn: kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ onítọ̀hún, kò dá a lójú pé àwọ̀ yẹn á wù ú, ojú sì ń tì í láti gbé ohun tí kò ní láárí dé iwájú àna rẹ̀. Ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ kò sì ní dúró dè é. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ọjọ́ wo ló dára jù láti ná an?

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó lò, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Fún ọdún Kérésì, òpin ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Ọ̀pẹ la máa ń lò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó oṣù ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú àwọn ènìyàn ọdún ṣì jìnnà. Wọ́n á wò, wọ́n á yìn ín, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀. Tó bá sì ku ọjọ́ mẹ́rin sí ọdún, adìyẹ, ìrẹsì àti aṣọ àwọn ọmọ ti gba owó náà lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tún ní àǹfààní kan: oníṣẹ́ ọwọ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, bíi kí ó kọ orúkọ ọmọ sára igbá, ṣì ráyè ṣe é kó tó di ọjọ́ ọdún.

Lẹ́yìn náà ẹ ka ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọrún ni ti Àjàrá: bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọ́n tún ná an. Nítorí pé ọjọ́ 7 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ọjà náà kì í dúró lójú kan. Láàárín ọjọ́ 28, á bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀kan, á sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé nínú òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, méjì á forí gbárí pẹ̀lú Àjàrá. Àwọn tó ń ṣe ìlù àti àwọn amọ̀kòkò tí ẹ fẹ́ kó wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Wọn kò ní fi ọjà baba wọn sílẹ̀ nítorí tábìlì yín, ẹ má sì bẹ̀ wọ́n.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò bóyá Orò yóò jáde ní àsìkò náà. Nínú ọjà tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń tà, ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè da gbogbo ètò rú. Kò sí ìwé ìpolongo tó máa sọ ọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú obì lọ́wọ́.

Òjò ńkọ́?

Òkúdù la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ má bi mí ohun tó ń rò wá. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje ni òjò ńlá máa ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, kékeré a sì tún dé ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán Sátidé yẹn, ọ̀run ṣú lójijì, aró aṣọ àdìrẹ kan sì ṣàn wọ inú apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ ẹlòmíràn. Títí di òní, àwọn obìnrin méjèèjì yẹn kì í kí ara wọn dáadáa. Bí ọdún tí ẹ fẹ́ ṣe ọjà fún bá bọ́ sí àsìkò òjò, bí Iléyá ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn nítorí pé ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, abẹ́ òrùlé ni kí ẹ ti ṣe é. Àtíbàbà tí a ń pè ní báàṣì kì í gba òjò tó ń bá atẹ́gùn wá.

Ibo ni kí a lò?

Ibi tó ní òjìji, tó ní ẹnu ọ̀nà kan tí ẹ lè máa ṣọ́, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì sì lè yọjú wo inú. Àwọn ilé Àgùdà, ti àwọn tó ti Brazil padà wá, máa ń ní àgbàlá tó dára fún un: ògiri yí i ká, igi máńgòrò sábà máa ń wà níbẹ̀, ilé náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun wíwò. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bí àbúrò bá gbowó lọ́wọ́ yín tí ẹ̀gbọ́n kò gbọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà lẹ máa mọ̀. Ohun kan náà ni pẹ̀lú àwọn gbàgede inú ìlú àtijọ́. Wọ́n ní olórí ẹbí tí àwọn Ègùn ń pè ní Dàá, wọ́n sì lè ní ojúbọ níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè, ẹ béèrè ibi tí a kì í gbé tábìlì sí.

Àwọn kan fẹ́ràn ọgbà JPN (Jardin des Plantes et de la Nature) nítorí àwọn igi ńláńlá ibẹ̀. Ó tutù, ó lẹ́wà. Ti ọjà Ouando ni n kò gbà. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ̀pọ̀ tòmátì sórí kò ní dúró yan ẹ̀gbà ọrùn.

Ṣé dandan ni ìwé àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí mérì ní bí oṣù kan ṣáájú, kí ẹ kọ ọjọ́, ibi, iye tábìlì àti wákàtí tí ẹ ó parí, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òòtẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá àdúgbò náà mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ lu orin, ẹ rántí BUBEDRA tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin.

Ẹni mélòó ló yẹ kó tà, báwo lẹ sì ṣe ń yàn wọ́n?

Ibí yìí ni ọjà ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́. Tábìlì 24 la máa ń gbà, kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan a gba 41 nítorí pé a kò lè sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n, fún àna, fún ẹni tí a jọ ń lọ sí ìjọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tábìlì 13 nínú wọn jẹ́ ti ìlẹ̀kẹ̀. Oníbàárà á rí ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, á tún rí i láàárín, á tún rí i ní ìkángun, ojú rẹ̀ á sú, á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọlọ́jà ló ń kùn sí wa, wọ́n sì jàre.

Láti ìgbà náà, ẹni mẹ́ta péré la ń gbà fún irú ọjà kan. A máa ń ní kí olúkúlùkù kó nǹkan mẹ́fà wá kí a wò wọ́n ní ọjọ́ kan nínú oṣù Bélú. Mẹ́fà kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn bóyá ọwọ́ ẹni náà dúró: bí ọṣẹ mẹ́fà bá ní ìwọ̀n mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. A máa ń béèrè ẹni tó ṣe é. A kì í lé ẹni tó ra ọjà tà, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó pọ̀ ju ti oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, àwo oníke láti ilẹ̀ òkèèrè kò sì wọlé rárá. Wọ́n ti bú wa nítorí èyí. Kò burú.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá, kí ẹ sì sọ ọ́ kíá. Ẹni tí ẹ dá lóhùn ní Bélú á bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ láìdáhùn títí di ọjọ́ ọjà á gbé ẹrù rẹ̀ wá.

Kí ló ń tà jù?

Ohun tí owó rẹ̀ wà láàárín 500 sí 2,000 sẹ́fà. Ẹnì kan lè ní ẹni méjìlá láti fún ní nǹkan: olùkọ́ ọmọ, ìyá àdúgbò, aládùúgbò tó ń bá a ṣọ́lé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bùn ńlá kan ni yóò rà, ti ìyá rẹ̀ tàbí ti àna. Èyí tó kù jẹ́ kékeré. Nítorí náà a máa ń sọ fún gbogbo ọlọ́jà pé kí wọ́n ní ohun tó kéré sí 1,000 níwájú tábìlì. Ẹni tó ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu kọ́kọ́ bínú nígbà tí a sọ ọ́ fún un. Ó ní òun kì í ṣeré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbẹ́ àwọn kékeré tí a lè fi okùn kọ́, kò sí ọ̀kan tó bá a dé ọ̀nà Pọ́bẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. (Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ti gbé jó kì í ṣe ọjà. Àwọn àjèjì máa ń béèrè, pàápàá látìgbà tí UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001. Ẹ sọ fún wọn pé tuntun là ń tà.)

Ọṣẹ dúdú tí a dì dáadáa ń tà. Òrí nínú ìgò kékeré ń tà. Oje èso àti omi dídùn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Songhaï tó wà níbí láti 1985 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti ṣe, ń tà. Ìlù kékeré láti Àjàrá ń tà fún àwọn bàbá àgbà tó fẹ́ fi dá wàhálà sílẹ̀ nílé ọmọ wọn. Aṣọ tí a ti rán pa kì í fi bẹ́ẹ̀ tà nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n; gèlè, ìborùn àti àpò ló yá.

Ṣé kí a kọ iye owó sára ọjà, àbí kí a jẹ́ kí wọ́n ná an?

Ẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìnájà ni adùn ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀bùn mẹ́wàá kò ráyè ná ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ojú sì ń tì láti béèrè pé èló ni; bí wọn kò bá rí i, wọ́n á kọjá lọ. Ohun tí a ń sọ fún àwọn ọlọ́jà ni pé kí wọ́n má já owó, kí wọ́n fi ènì sí i. Ẹni tó ra ọṣẹ mẹ́ta, ẹ bù díẹ̀ sí i fún un. Ẹni tó ra àpò, ẹ fi ègé aṣọ kékeré kún un. Owó kò dín, inú oníbàárà dùn, kò sì sí ẹni tó máa lọ sọ fún ẹnì kejì pé tòun rọjú jù. Ìyá kan tó ń ta àwo amọ̀ máa ń fi ife omi kékeré kan ṣe ènì, àwọn ènìyàn ti wá ń ra àwo nítorí ife.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì?

Ẹ̀yin tó ń gbé níbí mọ̀ pé móńnè lè ba ọjọ́ èèyàn jẹ́. Oníbàárà àkọ́kọ́ mú 10,000 wá fún ohun 700, ẹni tó ń tà kò ní nǹkan kan lápò, ó sáré lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, aládùúgbò náà kò ní. Kó tó dé, oníbàárà ti lọ.

Ọgbọ́n tí a ń dá nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a máa ń bá àwọn akápò ìjọ méjì sọ̀rọ̀. Owó igbá ọjọ́ Àìkú kún fún 50, 100, 200 àti 250. Wọn kì í mọ ohun tí wọn ó fi ṣe, a sì máa ń gbé owó bébà fún wọn. A pín in sí àpò kéékèèké tó jẹ́ 5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ra àpò kan lọ́wọ́ wa láàárọ̀. Tábìlì kan wà ní ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣẹ́ owó lọ. Èyí ló yí ọjà wa padà ju ohunkóhun mìíràn tí a ti ṣe, ìpolongo àti báàṣì tuntun pẹ̀lú.

MTN MoMo, Moov Money àti Celtiis náà wà, kí ọlọ́jà lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ tábìlì ní lẹ́tà ńlá. Ṣùgbọ́n kí ó dúró kí owó wọlé kó tó gbé ọjà sílẹ̀, kí ó má gba àwòrán ojú fóònù oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àwọn tó ti Nàìjíríà wá máa ń mú náírà lọ́wọ́. A kì í gbà á ní tábìlì. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó kò jìnnà.

Èló lẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà?

6,000 sẹ́fà fún ọjọ́ méjèèjì, tábìlì kan àti àga méjì. Bí 24 bá san, 144,000 nìyẹn. Inú rẹ̀ la ti ń san báàṣì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù lóru, àwọn tó ń gbálẹ̀, àti ẹ̀bùn ilé tó gbà wá. Bí kò bá tó, a kò ṣe. A kì í mú ìdá kankan nínú ohun tí wọ́n tà. Àwọn kan ń ṣe é níbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ máa jókòó ka owó olówó, ọlọ́jà á máa fi pamọ́, ẹ̀yin á máa fura, gbogbo yín á sì ti di ọ̀tá kó tó di alẹ́. Kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó san ìdajì ló máa ń ní àìsàn ní àárọ̀ Sátidé.

Dídì ẹ̀bùn ńkọ́?

Ẹ ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ fi ọmọbìnrin méjì tí ọwọ́ wọn yá síbẹ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 2017, a kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Benin mọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan kó ọ̀rá dúdú wá. Ègé aṣọ ló dára jù. A máa ń gbà á lọ́wọ́ àwọn télọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, a gé e sí ìwọ̀n mẹ́ta. Aṣọ àǹkárá kan, okùn ìkó kan, 200 sẹ́fà. Àwọn kan ra nǹkan ní ibòmíràn, wọ́n wá dì í lọ́dọ̀ wa. A kì í lé wọn.

Iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí agogo méje tó lù, ẹ má sì gbójú lé iná SBEE nìkan. Àtùpà olóòrùn dára ju jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lọ. Ẹ má gba àbẹ́là láàárín aṣọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ó gbọ́dọ̀ mọ́, kí omi sì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tà máa wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá.

Ṣé kí oúnjẹ wà?

Kí ó wà, kí ó jìnnà sí aṣọ. Ẹni tó ra ìborùn fún àna rẹ̀ kò fẹ́ kó máa rùn bí ẹja sísun. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ láàárọ̀, ẹ tún wò ó lọ́sàn-án, nítorí ọyẹ́ máa ń ti òkè wá, ti òkun á sì gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àtàsì, àkàrà, dókò, omi tútù: ó tó.

Báwo lẹ ṣe ń polongo?

Àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ni. A máa ń ya àwòrán ohun mẹ́ta lórí tábìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kọ iye owó sí i, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp wọn. Àwòrán tí kò ní iye owó kì í mú ẹnikẹ́ni wá. A tún ń ṣe é ní èdè mẹ́ta: Yorùbá, Ègùn, Faransé. Kì í ṣe kíkọ nìkan o. Ohùn la máa ń gbà sílẹ̀, nítorí ìyá tó ní owó lọ́wọ́ lè má ka ìwé. Ìkéde ní ìjọ àti lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ń ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ṣé ará Nàìjíríà lè wá tà?

Wọ́n ń wá, gba Ìdíìrókò àti Ìgólò. Kí wọ́n ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ọjà wọn, nítorí àwọn dùwáànì, ìyẹn aṣọ́bodè, kì í mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Ṣé ó lè ṣeé ṣe ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ tiwa ṣe é. Ní Kétu, ẹ wo ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu àti Èkó máa ń wálé. Àwọn ni wọ́n ní owó ẹ̀bùn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ gbé nǹkan padà lọ. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kajú ni kí ẹ wò. Láti oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún ni wọ́n ń kórè rẹ̀, owó sì máa ń wà nílùú nígbà yẹn. Àjíǹde máa ń bọ́ sáàárín àsìkò náà. Bí èmi bá wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, n kò ní dúró de Kérésì rárá.

Kí ni kí a ṣe lẹ́yìn tí ọjà bá tú?

Kí gbogbo ọlọ́jà tó lọ, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: kí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ tí o kò ní? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹni méje ló sọ pé wọ́n béèrè ohun tí a lè fún bàbá. Ohun obìnrin ló kún gbogbo ọjà, a kò sì mọ̀. Lọ́dún yìí a ti wá ẹni tó ń hun fìlà àti ẹni tó ń ṣe àpamọ́wọ́ aláwọ. Ẹ tún fi àpótí kan sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n gbàgbé. Bàtà ọmọdé kan ṣì wà nínú tiwa, ẹsẹ̀ òsì, aláwọ̀ ewé. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ yín, ó wà lọ́dọ̀ mi.